Okun Inú Ike: Amino Acid, Testosterone àti Agbára Ọkùnrin

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn bàbá àti àwọn ọ̀dọ́kùnrin sọ nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kàbbà nìyí. Mo tún un kọ bí mo ṣe rántí rẹ̀, mo sì fi díẹ̀ kún un nínú ìbéèrè tí wọ́n bi mí.

Okun o, ẹ̀yin bàbá mi. Okun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ jókòó sẹ́yìn, tí ẹ ti ń fi fóònù yà mí kí n tó la ẹnu, okun o.

Ẹ wo ìkíni wa yìí. Bí a jí láàárọ̀, okun. Bí a pàdé ẹni lọ́nà oko, okun. Ẹni tí nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ sí, okun náà la ó fi bá a kẹ́dùn. Láti Ọ̀wọ́rọ̀ títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni, òun náà ni wọ́n sì fi ń pe gbogbo wa. À ń fún ara wa lókun lọ́fẹ̀ẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, a sì tún ń kówó lọ rà á nínú ike.

Ike náà nìyí. Ẹ gbé e yíká, kí ẹ wò ó dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má ṣí i. Ọ̀rá tí wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ kó wà níbẹ̀. Awakọ̀ tírélà kan tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Ọ̀bájànà ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù oògùn mi nígbà òjò tó kọjá. Ó gbà kí n sọ ìtàn òun, bí mi ò bá ti dárúkọ. Orí fóònù ló ti rí i, wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti Èkó, owó tó ná sí i sì tó ra òbúkọ. Ẹyọ ìbéèrè kan ló gbé wá: ṣé ṣíbí kan ni kí òun máa pò mómi àbí méjì? Mo bi í pé kí ló fẹ́ kó ṣe fún òun. Ó wẹ̀yìn, ó wọ̀tún, ó wòsì, bẹ́ẹ̀ ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ti gbéyàwó láti ọdún méjì, ọmọ kò tíì dé. Tó bá sì jí láàárọ̀, ara kì í sọ fún un mọ́ pé ọkùnrin ni.

Wọ́n ya ọkùnrin kan tí apá rẹ̀ tóbi ju itan mi lọ sára ike yẹn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé yóò gbé testosterone, ìyẹn họ́mọ́ònù ọkùnrin, sókè. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí, pẹ̀lú lẹ́tà tí ojú àgbà kò lè kà: D-aspartic acid, gíráàmù 3, arginine, citrulline, zinc, lẹ́yìn náà, àdàlù kan tí wọn ò sọ ìwọ̀n rẹ̀. Orí èyí àkọ́kọ́ ni n ó pẹ́ sí jù, nítorí òun ni wọ́n fi ń polówó.

Inú ìkòkò ọbẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, ẹ̀gúsí, gbogbo wọn ló ní purotéènì. Bí a bá jẹ wọ́n, ikùn á tú purotéènì náà palẹ̀ bí ìgbà tí bíríkìlà bá tú ògiri àtijọ́, ara á sì kó bíríkì rẹ̀ lọ mọ ohun mìíràn. Bíríkì yẹn là ń pè ní amino acid. Ogún ni oríṣi tí ara fi ń mọ purotéènì. Ẹni tó bá fi ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹja jẹ iyán lálẹ́ àná ti jẹ amino acid, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó yàwòrán apá sára abọ́ rẹ̀.

Aspartic acid jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ní ẹ̀yà méjì, bíi bàtà òsì àti bàtà ọ̀tún: awọ kan náà, oníbàtà kan náà, ṣùgbọ́n tòsì kò ní wọ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Tòsì, èyí tí wọ́n ń pè ní L, ni ara fi ń mọ purotéènì. Tọ̀tún, D, kò sí nínú iṣẹ́ yẹn. Ní 1977, D'Aniello àti Giuditta rí D yìí nínú ọpọlọ octopus, ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ inú òkun, ní Naples ní ilẹ̀ Ítálì. (Òkun ni mo wí o, kì í ṣe okun.) Nígbà tó yá wọ́n rí i lára eku náà: díẹ̀ wà nínú kókó kan lábẹ́ ọpọlọ, díẹ̀ wà nínú kóró ẹpọ̀n. Bí wọ́n ṣe fún eku ní púpọ̀ sí i, testosterone rẹ̀ gòkè. Ẹ ó rí i pé kò burú kí ènìyàn béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí lára ọkùnrin.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí họ́mọ́ònù yìí ṣe ń wá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ilé wa kò ní ẹ̀rọ omi. Ìyá mi ní ìkòkò omi ńlá kan ní kọ̀rọ̀ yàrá. Bí omi inú rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, ìyá mi á pe ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi á pè mí, èmi ni n ó ru korobá lọ sódò. Bí ìkòkò bá ti kún, ìyá mi á ní ó tó, n ó sì sá lọ ṣeré. Ọpọlọ ni ìyá mi. Kókó tó rọ̀ sábẹ́ ọpọlọ, tí kò tóbi ju èso ẹ̀wà kan lọ, ni ẹ̀gbọ́n mi, igbe tó ń ké pè mí sì ni wọ́n ń pè ní LH. Kóró ẹpọ̀n ni ọmọ tó ń pọnmi. Testosterone ni omi. Nígbà tó bá ti tó nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ á dá ìpè dúró. Ẹ fi ìkòkò yìí sọ́kàn.

Ní 2009, àwọn ará Naples yẹn fún ọkùnrin 23 ní nǹkan bíi gíráàmù 3 D-aspartic acid lójúmọ́ fún ọjọ́ 12. Wọ́n fún 20 mìíràn ní ohun tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní in nínú. LH àwọn tó mu ún fi nǹkan bí ìdá 33 nínú 100 gòkè, testosterone wọn fi ìdá 42. Ọjọ́ 12 péré! Orí ìwé kan ṣoṣo yìí ni ọjà náà jókòó lé títí dòní. Bí ẹ bá rí "42%" níbi tí wọ́n ti ń polówó rẹ̀, ibẹ̀ ló ti wá. Mi ò ní kí ẹ pe àwọn onímọ̀ náà ní òpùrọ́, ohun tí wọ́n rí ni wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń mu ún níbẹ̀ kì í ṣe àwọn tó ń gbé irin ní jíìmù, àwọn tó ń gbé irin sì ni wọ́n ń tà á fún.

Ní 2013, wọ́n kó ọkùnrin 20 tó ti mọ irin gbé jọ ní Texas ní Amẹ́ríkà. Fún ọjọ́ 28, apá kan ń mu gíráàmù 3 lójúmọ́, apá kejì ń mu èyí tí kò ní nǹkan nínú, gbogbo wọn sì ń gbé irin. Testosterone kò kúrò níbi tó wà. Agbára wọn pọ̀ sí i lóòótọ́, àtàwọn tó mu ún àtàwọn tí kò mu ún, ẹnì kankan kò sì ju ẹnìkejì lọ. Irin ló fún wọn.

Àwọn kan wá rò ó ní Ọsirélíà pé bóyá gíráàmù 3 ló kéré. Bẹ́ẹ̀ náà kọ́ ni awakọ̀ mi rò? Ní 2015 wọ́n pín ọkùnrin 24 tó ń gbé irin sọ́nà mẹ́ta: àwọn kan mu gíráàmù 3, àwọn kan mu 6, àwọn yòókù mu òfìfo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ìyàtọ̀ kankan lára àwọn oní-3. Àwọn oní-6, testosterone tiwọn lọ sílẹ̀ ni. Ó lọ sílẹ̀! Ní 2017 wọ́n tún fi ọ̀sẹ̀ 12 dán gíráàmù 6 wò. Lọ́tẹ̀ yìí kò lọ sílẹ̀, kò sì gòkè, agbára àwọn tó mu ún kò sì ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ.

Ṣíbí kan tàbí méjì? Àwọn ará Ọsirélíà ti bá a dáhùn.

Bí mo ṣe rò ó, ìkòkò ló fa á. Ọkùnrin tó ń gbé irin déédéé, tó ń jẹun dáadáa, ìkòkò tirẹ̀ ti kún. Bí o bá lọ ń pariwo létí ọmọ tó ń pọnmi, omi kò ní dúró lórí ìkòkò tó kún, ìyá yóò kàn ní kí gbogbo yín dákẹ́ ni. Mi ò ní fi ọ̀kan yìí pa mọ́: ní 2012 àwọn ará Naples kọ ọ́ pé àtọ̀ àwọn ọkùnrin 60 kan tó ń wá ọmọ dára sí i lẹ́yìn ọjọ́ 90 tí wọ́n fi lò ó. Ìyẹn lè jẹ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n ìdánwò ńlá tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò tíì tẹ̀lé e, àwọn tó fi í polówó kò sì sọ ìyẹn.

Ẹnì kan bi mí lórí ìjókòó pé, "Dókítà, ṣé ó ń pani ni?" Fàmásísì ni mí o, mi ò kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ẹ ṣeun. Nínú àwọn ìdánwò tí mo dárúkọ yìí, wọn kò rí i kó ba ẹ̀dọ̀ tàbí kídìnrín àwọn tó ní ìlera jẹ́. Oṣù mẹ́ta ló gùn jù níbẹ̀. Ẹni tó ń lò ó fún ọdún méjì gbáko ń ṣe ìdánwò tirẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó ń kọ èsì sílẹ̀. Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá kò gbọdọ̀ dé ìdí rẹ̀ láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Arginine ńkọ́? Òun kò bá testosterone tan rárá. Ara ń fi í ṣe afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní nitric oxide, tó ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ gbòòrò. Àwọn ìdánwò kan fi hàn pé ó lè ran ọkùnrin tí ìṣòro rẹ̀ kò le lọ́wọ́ díẹ̀. Citrulline máa ń di arginine nínú ara. Nínú omi wọ́tàmẹ́lọ̀n ni àwọn ará Japan ti kọ́kọ́ yọ ọ́, orúkọ wọ́tàmẹ́lọ̀n lédè Látìn ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ìbátan ẹ̀gúsí wa ni. Ẹ̀gúsí gan-an kún fún arginine, ẹ̀yin tí ẹ ń rù ú lọ sọ́jà ní Bùnú ti ń ru ohun tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, ẹ ò kàn mọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, pàápàá ẹ̀yin bàbá. Ní 2006 ni èsì ìdánwò kan jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹni 153 tí àìsàn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù ni wọ́n pín sí méjì. Wọ́n fún apá kan ní arginine títí dé gíráàmù 9 lójúmọ́, wọ́n rò pé yóò ṣe ọkàn wọn lóore. Ẹni mẹ́fà kú nínú àwọn tó ń lò ó. Nínú àwọn tí kò lò ó, ẹnì kankan kò kú. Wọ́n dá ìdánwò náà dúró ojú ẹsẹ̀. Tí ẹ bá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òun náà ń fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ẹ̀ ń da méjì pọ̀ nìyẹn.

Gbogbo èyí ṣì jẹ́ ohun tí wọ́n kọ sára ike. Ohun tí wọn ò kọ ló ń já mi láyà. Láti 2007 sí 2016, àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kéde ọjà 776 tí wọ́n ń tà bí àfikún oúnjẹ, tí wọ́n sì bá oògùn tí wọn ò kọ sílẹ̀ nínú wọn. 353 nínú rẹ̀ jẹ́ ti agbára ọkùnrin, sildenafil, ìyẹn oògùn inú Viagra, ni wọ́n sì bá jù nínú ìwọ̀nyẹn. Nínú àwọn ti iṣan ara, steroid, ìyẹn oògùn tó ń ṣe bíi testosterone, ló pọ̀ jù. Òfin Amẹ́ríkà ti 1994 kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rí hàn kó tó gbé irú ọjà bẹ́ẹ̀ síta, nítorí náà kí ẹ má rò pé "láti Amẹ́ríkà ló ti wá" jẹ́ ẹ̀rí.

Àwọn kan á sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, tèmi ṣiṣẹ́. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló ṣiṣẹ́." Àbúrò mi, ìyẹn gan-an ló yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù. Amino acid kì í ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tí a mu ún. Ohun tó bá ṣiṣẹ́ láàárín wákàtí kan, oògùn ni, o kò sì mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bàbá tó ń lo oògùn nitrate fún àyà tó ń dùn ún, tó wá mu sildenafil mọ́ ọn láìmọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ kó má dìde mọ́.

Ẹ máa wá nọ́ńbà NAFDAC lára ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ gbé mì. Ike yìí kò ní in. Kí ẹ sì mọ̀ pé nọ́ńbà náà kò sọ pé ọjà yóò ṣe gbogbo ohun tó ṣèlérí. Lára ọ̀pọ̀ àgbo inú ike tó ní nọ́ńbà, wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olóògùn sọ wò. Ta ló ń ka ìsàlẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ awakọ̀ mi. Mi ò dá a lóhùn lórí ṣíbí. Mo bi í pé kí ló ń lò tó bá fẹ́ wakọ̀ mọ́jú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n." Tramadol ni, oògùn ìrora tó lágbára. Ó ti tó ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá ń fi tramadol tàbí irú oògùn bẹ́ẹ̀ sí ara lójoojúmọ́, ìyá inú ìtàn mi kò ní lè pe ẹnikẹ́ni mọ́. LH á lọ sílẹ̀, testosterone á tẹ̀lé e. Àwọn ọlọ́kadà, àwọn tó ń kọ ebè, àwọn tó ń gbé sìmẹ́ńtì, wọ́n ń gbé e mì kí okun má bàa tán, okun gan-an ló sì ń gbà lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe ohun tí a ń já lójijì o. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹni tó bá ti mọ́ lára, ara rẹ̀ máa ń jà.

Oorun ńkọ́? Ní 2011, wọ́n jẹ́ kí ọ̀dọ́kùnrin mẹ́wàá tí ara wọn le máa sùn wákàtí márùn-ún péré lálẹ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ní Chicago. Testosterone wọn ní ojúmọmọ fi ìdá 10 sí 15 nínú 100 lọ sílẹ̀. Awakọ̀ mi kì í rí wákàtí márùn-ún sùn. Ikùn ńlá náà wà ńbẹ̀: ọ̀rá ara máa ń sọ testosterone di họ́mọ́ònù obìnrin, ẹni tó bá fọn sì máa ń rí tirẹ̀ kó gòkè. Àtọ̀gbẹ wà ńbẹ̀. Sègèdè wà ńbẹ̀, tó bá mú ọkùnrin tó ti bàlágà, ó lè sọ̀ kalẹ̀ sí kóró ẹpọ̀n.

Bàbá kan dìde níwájú, ó ní gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí àwọn ọmọ lọ mu àgbo. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó dáhùn. Bàbá mi, jẹ̀díjẹ̀dí ń dààmú ènìyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún bá rí i pé nǹkan òun kò le mọ́, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò. Òpó ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kéré ju ti ọkàn lọ, ibẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ dí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ènìyàn lè fi máa mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, kí àìsàn ọkàn máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá náà ní ó dáa, òun yóò lọ yẹ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n òun kò ní fi àgbo òun sílẹ̀. A gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíràn béèrè abẹ́rẹ́ testosterone, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ń gbà á ní jíìmù. Ẹ padà síbi ìkòkò. Bí tánkà bá ń da omi síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyá kò ní pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ọmọ tó ń pọnmi á jókòó, kóró ẹpọ̀n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Ibẹ̀ náà ni irúgbìn inú àtọ̀ ti ń wá. Ní 1990, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé èsì ìdánwò kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti fún ọkùnrin 271 ní abẹ́rẹ́ yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó lé ní ìdajì wọn tí kò sí irúgbìn kankan mọ́ nínú àtọ̀ wọn. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń dán wò? Ìfètòsọ́mọbíbí ni. Ẹni tó ń wá ọmọ ni ó ń lọ gún un ní jíìmù yìí! Àwọn kan wà tí dókítà ń kọ ọ́ fún, tí ara wọn kò lè ṣe é fúnra rẹ̀. Àyẹ̀wò ló ń sọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Àyẹ̀wò náà kò ní ọgbọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní àkókò. Àárọ̀ ni testosterone máa ń ga jù, nítorí náà kí aago mẹ́wàá tó lù ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀, kí ènìyàn má tíì jẹun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni, ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó wakọ̀ mọ́jú kí ó má lọ lọ́jọ́ náà, èsì yóò ṣì í lọ́nà. Awakọ̀ mi ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ó kéré ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì, LH rẹ̀ náà kéré. Dókítà kò fún un ní ike, kò fún un lábẹ́rẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín tramadol kù fún un, ó sì ní kó bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó dẹ́kun wíwakọ̀ mọ́jú. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ó ti gòkè wọ ibi tó yẹ kó wà. Ọmọ kò tíì dé o. Ṣùgbọ́n ó ti ń kí mi láti orí tírélà báyìí, kì í wẹ̀yìn mọ́.

Ọmọkùnrin kan ló béèrè kẹ́yìn, láti ìlà tó gbẹ̀yìn pátápátá. Ó ní ṣé òun lè mu ẹ̀kọ díẹ̀ kí òun tó wá fún àyẹ̀wò láàárọ̀. Mo ní rárá, omi nìkan, kó sì sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ó ní ó ti yé òun.

Mo wá ní kí wọ́n dá ike mi padà. Láti ìlà yẹn náà ló ti wá, láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ó fi kàn mí. Ọ̀rá ẹnu rẹ̀ ti ya.